Kámẹ́rà Tí Ẹnikẹ́ni Ò Du

Nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù Bàbá wa n'Ilé-Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ariwo lórí aago ọwọ́ rẹ̀. Ẹni méjì ló ní àwọn ni Bàbá ṣèlérí agbádá sányán fún. Rédíò pàápàá, tó ti tó ọdún mẹ́rin tí kò ti sọ̀rọ̀, rí ẹni tó gbé e. Ìdí àpótí ni wọ́n ti wá fa àpò dúdú kékeré kan jáde. Kámẹ́rà ló wà nínú rẹ̀, Olympus aláwọ̀ fàdákà kan tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́ sí i ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ó lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bàbá kékeré wò ó, ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kò tàn. Ó ní, "Èyí ti kú." Ló bá gbé e lé mi lórí itan. Bí mo ṣe jogún rẹ̀ nìyẹn.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì ṣú tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀. Àǹtí mi, tó jẹ́ àkọ́bí Bàbá látọ̀dọ̀ ìyàálé, ní kí n gbé kámẹ́rà náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kó gbogbo fọ́tò tó wà nínú rẹ̀ jáde, kó má ku ẹyọ kan. Màmá mi, ìyàwó kejì, ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ ní tirẹ̀ bíi pé kò gbọ́. Ìgbà tó yá ló ní, "Kí lẹ ń wá lọ síbẹ̀? Ẹni tó ni ín kò ní kẹ́ ẹ wá a." Ó gbé abọ́ ẹ̀fọ́ rẹ̀, ó wọlé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Mo ti bi ayàwòrán, mo ti bi àwọn ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo ti bi pásítọ̀ kan àti ààfáà kan. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí olúkúlùkù ṣe ń yára dáhùn. Ẹni tó bá ní ká kó o jáde kì í rí ìdí tí ẹnì kan fi máa ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ká fi sílẹ̀ ń wo ẹnì kejì bí ẹni tó fẹ́ tú sàréè. Èmi ò tètè rí ibi dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ti Àǹtí mi rò. Ohun tó ń lé e léré ni pé ohun inú kámẹ́rà kò jókòó jẹ́ẹ́ bí a ṣe rò. Fọ́tò inú álúbọ́ọ̀mù lè pọ́n, ikán lè jẹ ẹ́ létí, síbẹ̀ ojú á ṣì rí i. Nẹ́gátíìfù, ẹ nà án sókè sí oòrùn, ẹ ó rí eyín ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Mẹ́mórì kò rí bẹ́ẹ̀. Iná tín-ń-tín tí wọ́n há mọ́ inú yàrá kéékèèké ni gbogbo fọ́tò tó wà nínú rẹ̀, iná yẹn sì ń jò díẹ̀díẹ̀ bí omi inú amù tó ti sán. Ooru a máa mú un yára. Páànù lásán ló bo yàrá tí àpótí Bàbá wà, kò sí sílíìnì níbẹ̀. Ẹ wá ro bí inú rẹ̀ ṣe ń gbóná lóṣù kẹta ọdún. Mẹ́mórì mìíràn lè lo ọdún 20 kó má sọ fọ́tò kan nù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè búra fún un.

Ti ẹnu ọ̀nà tún wà. Nígbà tí àwọn kámẹ́rà onímẹ́mórì ń jáde, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń rọ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Mẹ́mórì CompactFlash dé ní 1994. Ní 1997 Sony gbé àwọn Mavica jáde tó ń kó fọ́tò sínú disikẹ́ẹ̀tì, irú èyí tá à ń tì bọ inú kọ̀ǹpútà nígbà yẹn, gbogbo ààyè inú rẹ̀ kò sì ju 1.44MB lọ, ọ̀pọ̀ fọ́tò tá à ń fi fóònù yà lónìí, ẹyọ kan wọn ò lè wọbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Sony kan náà mú Memory Stick dé. SmartMedia wà níbẹ̀ tó fẹ́lẹ́ bí páálí, kò kọjá 128MB títí tó fi kú. SD dé ní 1999, òun ló sì borí gbogbo wọn, àmọ́ Olympus àti Fujifilm kọ̀ ọ́ nígbà náà, wọ́n gbé xD tiwọn jáde ní 2002. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, èyí tó gba nǹkan jù nínú wọn kò sì ju 2GB. Ó di nǹkan bí 2010 kí àwọn náà tó gba kámú.

xD ni kámẹ́rà Bàbá ń lò. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ni mo dé kí n tó rí rìdà tó ní ihò rẹ̀. Ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ yí mẹ́mórì náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé símù kọ́ lèyí?" Ó dà bí ẹni tó bá ṣílè nínú àpótí ìyá rẹ̀ àgbà. Owó ni lóòótọ́, àmọ́ láti 1973 tí náírà ti dé, alákàrà wo ló máa gbà á?

Ìdí tó wọ̀ mí létí jù nínú ọ̀rọ̀ Àǹtí mi kò tiẹ̀ kan ẹ̀rọ. Ó ní, "Ta ló máa sọ orúkọ wọn fún wa?" Màmá mi ti pé ọmọ ọdún 76. Nínú àwọn tíṣà tí wọ́n jọ kọ́ni pẹ̀lú Bàbá, ẹni méjì ló kù, ọ̀kan nínú wọn ò sì ríran dáadáa mọ́. Bá a bá kó fọ́tò wọ̀nyí jáde lónìí, Màmá á na ìka sí ọkùnrin kan, á ní, "Èyí ni bàbá onípákó, òun ló dúró fún wa nígbà tá a ra ilẹ̀ yìí." Bá a bá kó wọn jáde lọ́dún mẹ́wàá sí i, àwọn èèyàn kan tó wọ aṣọ ẹbí ni wọn yóò jẹ́. A ó ní ojú, a ò ní ní orúkọ.

Fọ́tò kì í sì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ nílé Yorùbá. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó jókòó ti àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún ní àwọn ọdún 1970, kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìtíì ya fọ́tò, wọn a gbé èyí tó kù jókòó, ayàwòrán a yà á lẹ́ẹ̀mejì, a sì so méjèèjì pọ̀ kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn nínú ìwé kan. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọn a bọ́ ọ, wọn a tún wọ ti obìnrin fún un. Mo sọ ìtàn yìí fún Àǹtí mi, ó sì gbá a mú lójú ẹsẹ̀: bí àwọn òbí tó ṣáájú wa bá ṣe wàhálà tó báyìí kí wọ́n lè rí fọ́tò ẹni tó kú, kí ló ń dí wa lọ́wọ́ láti mú èyí tó ti wà nílẹ̀? Èmi gbọ́ nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Àwọn ará Ìlá mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán.

Àwa ò mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Mo kọ́kọ́ pè é ní ìbẹ̀rù àgbàlagbà, mo ṣì í mú. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ẹni tó bá sì ti bá wọn dé ibi ìsìnkú ọkùnrin tó rìnrìn àjò dáadáa nígbà ayé rẹ̀ mọ̀ pé òwe yìí kì í ṣe àsọdùn. Ilé kan wà tí mo mọ̀. Bàbá wọn ṣòwò dé Kútọnu. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ so kámẹ́rà rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ kí ojú gbogbo lè rí i. Ìsìn ìdúpẹ́ kọjá, ọjọ́ ìbí ọmọ-ọmọ kọjá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó so lẹ́yìnkùlé kọjá, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó tẹ̀ lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìsọmọlórúkọ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lọ, bàbá wọn ló gbé ọmọ dání, Faransé ni wọ́n fi kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá wọn kò sọ nǹkan kan. Ó dìde lọ sídìí àdìrò, kò sì padà wá. Àwọn ọmọ yẹn ò tíì pé sójú kan látìgbà náà.

Àǹtí mi ní ìdáhùn sí èyí, kò sì yẹ kí n fi bò. Ó ní kámẹ́rà kọ́ ló bí ọmọ náà. Ọmọ ti wà láyé, ó ń jẹun, ó ń lọ sílé-ìwé, ogún sì tọ́ sí i bíi tàwọn yòókù. Ẹni tó ní ká fi kámẹ́rà sílẹ̀ kí àlàáfíà lè wà, ó lè jẹ́ pé ẹ̀tọ́ ọmọ ẹlẹ́ni ló fi ń ra àlàáfíà yẹn. Mo wá èsì fún un títí, mi ò rí.

Ṣùgbọ́n ìhà kan wà nínú ọ̀rọ̀ Màmá tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bá a bá pa fọ́tò rẹ́ nínú kámẹ́rà, kì í kúrò. Ńṣe ni kámẹ́rà fi àmì kan sídìí orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ mẹ́mórì, tó túmọ̀ sí pé ààyè yìí ti ṣófo, ẹni tó bá fẹ́ kó máa bọ̀. Títí fọ́tò mìíràn á fi wá jókòó síbẹ̀, ti àkọ́kọ́ ṣì wà lórí àga. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń wá fọ́tò tó sọnù kò gbọ́dọ̀ fi mẹ́mórì náà ya ohunkóhun mọ́. Ètò orí kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ PhotoRec. Christophe Grenier ló kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Kì í wo àkọsílẹ̀ orúkọ rárá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́mórì ló ti ń rìn dé òpin, ó ń wá ibi tí fọ́tò ti bẹ̀rẹ̀, ó ń kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ribiribi ni lójú ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣèèṣì pa fọ́tò ìgbéyàwó rẹ́.

Àmọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn àti ohun tí èèyàn sọ nù. Bàbá ya fọ́tò kan, ó wò ó, kò fẹ́ ẹ, ó tẹ bọ́tìnnì. Kámẹ́rà bi í bóyá ó dá a lójú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti pinnu nìyẹn. Ó ti da ilẹ̀ tó gbá nù, àwa ọmọ rẹ̀ wá gbé ọkọ́, a ń tú ààtàn. Nígbà ayé rẹ̀, ta ni nínú wa ló lè dán an wò?

Ìjà kejì dá lórí ọwọ́ tó máa ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ohun tí èmi ò ní. Ẹni tó bá lọ sí Computer Village n'Ikẹjà á rí wáyà kámẹ́rà tí àwọn tó ṣe kámẹ́rà náà gan-an ti gbàgbé, á rí ṣajà bátìrì tí kò sí lọ́jà mọ́, á rí ọmọkùnrin kan lórí àpótí tó ti rí irú rẹ̀ rí nígbà ọgọ́rùn-ún. Ẹ má fojú di ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé lè ti mẹ́mórì bọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀ kó kán an. Ó lè fi ṣajà tó lágbára jù jó bátìrì. Èyí tó sì burú jù, ó lè fi súkúrúdíráfà tú kámẹ́rà láìmọ̀ pé iná tí fláàṣì rẹ̀ fi ń bù yẹ̀rì ṣì lè wà ní ìpamọ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí bátìrì ti kúrò, ó sì tó ohun tó ń gbé èèyàn ṣubú.

Síbẹ̀, wọ́n ń kánjú. Ní ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo dé, ọmọ náà ti mẹ́mórì Bàbá bọ inú rìdà, kọ̀ǹpútà kò rí i kà, ló bá béèrè bóyá kí òun ṣe fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Ìka ọmọ náà ti wà lórí bọ́tìnnì. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, tó bá ti fọ́ọ̀mátì, ó máa ṣí." Ó máa ṣí lóòótọ́, bí yàrá tí wọ́n ti kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ jáde ṣe máa ń ṣí. Òótọ́ ni pé fọ́tò lè ṣì wà lábẹ́ fọ́ọ̀mátì bíi ti èyí tí a pa rẹ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi Bàbá rẹ̀ ṣe ìdánwò? Mo gba mẹ́mórì mi, mo lọ sílé. Ẹ tún rántí pé oníṣẹ́ tó bá kó fọ́tò jáde fún wa, orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kó o sí. Ó lè pa á rẹ́, ó lè gbàgbé. Ìyá yín tó wà ní àwọ̀tẹ́lẹ̀ nínú fọ́tò tí ọkọ rẹ̀ yà, ó ti wà nílé ẹlẹ́ni nìyẹn.

Nítorí náà, ilé ni mo ti ṣe é, lórí tábìlì oúnjẹ, ó sì gbà mí ní Sátidé méjì. Ìlẹ̀kùn bátìrì ni mo kọ́kọ́ ṣí. Bátìrì kéékèèké méjì, irú tí aago ògiri ń lò, ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n ti jò. Ẹ̀tù funfun kan tó fẹ́ ní àwọ̀ ewé ti bo irin ibẹ̀. Mo wé òwú mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, mo rì í bọ omi ọsàn wẹ́wẹ́, mo fi ń pa á díẹ̀díẹ̀. Ó hó ṣùù, ó dákẹ́. Mo nù ún, mo fi sípíríìtì nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i, mo gbé e síbi afẹ́fẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo fi bátìrì tuntun sí i, ojú kámẹ́rà náà yọ síta bí orí ìjàpá, ó ké jíì. Mi ò parọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ kí i.

Mi ò tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń wo fọ́tò. Mo yọ mẹ́mórì, mo fi aṣọ gbígbẹ nu ibi tí góòlù rẹ̀ wà, mo tì í bọ inú rìdà tuntun. Èyí rí i kà. Mo ní kí kọ̀ǹpútà fi orúkọ fáìlì nìkan hàn mí, kó má fi àwòrán hàn. Fọ́tò 112 ló wà nínú fódà rẹ̀. Mo wá so kámẹ́rà gan-an mọ́ kọ̀ǹpútà láìsí mẹ́mórì nínú rẹ̀, mo rò pé yóò ṣófo, ni fódà mìíràn bá yọjú: mẹ́sàn-án sí i. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ìgbà yẹn ló ní ààyè kékeré nínú ara tiwọn, wọn kì í sì í fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn bí mẹ́mórì bá ti wà nínú wọn. Ẹni tó bá yọ mẹ́mórì lásán, tó sọ kámẹ́rà sínú ìdọ̀tí, mẹ́sàn-án yẹn bá a lọ nìyẹn.

Orúkọ fáìlì náà fúnra wọn ń sọ̀rọ̀. Olympus a máa fi oṣù àti ọjọ́ sínú orúkọ: P, lẹ́yìn náà oṣù, lẹ́yìn náà ọjọ́, kí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. P101 ni gbogbo ti Bàbá fi bẹ̀rẹ̀, oṣù kìíní, ọjọ́ kìíní. Ọkùnrin tó ń na ọmọ tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ́ dé kíláàsì kò ṣètò aago kámẹ́rà rẹ̀ rí. Gbogbo ọdún tó fi ń ya fọ́tò, ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi yà á. Ìyẹn ni pé kámẹ́rà kò lè sọ ìgbà tí ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Màmá nìkan ló lè sọ ọ́, láti ara aṣọ tí wọ́n wọ̀.

Mo sì rí nǹkan mìíràn. P1010037 wà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni P1010052. Mẹ́rìnlá kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo rí àlàfo yẹn ni mo tó mọ ibi tí mo dúró sí. Àǹtí mi àti Màmá ń jà lórí ohun méjì tí wọ́n ń pè lórúkọ kan. Kíkó fọ́tò jáde kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú wíwò ó. Kíkó jáde kò lè dúró, nítorí iná ń jò, rìdà ń tán lọ́jà. Àǹtí mi jàre níbẹ̀. Wíwò lè dúró, ó sì ní ẹni tó tọ́ sí. Màmá jàre níbẹ̀. Ètò wà tó ń da mẹ́mórì kọ látòkèdélẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo, àti ibi tí fọ́tò wà àti ibi tí wọ́n ní ó ṣófo, láìṣí ẹyọ kan wò. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ wá ohun tí wọ́n pa rẹ́ lọ́jọ́ iwájú, inú fáìlì yẹn ni yóò ti wá a, kò ní fọwọ́ kan mẹ́mórì. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo dà á kọ síbi méjì, mo dá mẹ́mórì padà sínú àpò dúdú rẹ̀.

Pínpín ló kù. Ilé olóbìnrin méjì ni ilé wa, ìdí-igi ni wọ́n fi pín ilẹ̀ àti ilé, igi kan sọ́tùn-ún, igi kan sósì. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó rìn dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà, pé orí-ò-jorí, ìyẹn pínpín ní iye orí ọmọ, wà fún ìgbà tí ìjà bá dé tí olórí ẹbí sì rí i pé òun ló máa parí rẹ̀. A ò lè pín kámẹ́rà ní ìdí-igi. Ta ló máa gbé ojú rẹ̀, ta ló máa gbé ẹ̀yìn? Fọ́tò ni ogún àkọ́kọ́ tí mo rí tá a pín ní orí-ò-jorí tí ìpín ẹnì kankan kò dín. Màmá kàn bẹ̀bẹ̀ nǹkan kan: ẹni tó bá wà nínú fọ́tò, tó bá ṣì wà láyé, òun ni kó kọ́kọ́ rí i kí wọ́n tó pín in. Àǹtí mi ní ìyẹn máa pẹ́. Ó pẹ́ lóòótọ́. Oṣù méjì gbáko ló gbà, mẹ́ta sì wà tí Màmá ní kí n yọ kúrò, mo sì yọ wọ́n. Inú Àǹtí mi ò dùn sí i. Ó ní bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ibo la máa dúró sí? Mi ò lè sọ pé kò ní ẹjọ́ rò.

Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ jókòó, èmi, òun àti Màmá, mo ṣí P1010001. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà pọ́n bí ẹran tí iná ràn, kò sí ẹni, kò sí ibi kankan. Àǹtí mi ní ó ti bàjẹ́. Màmá fà á súnmọ́ ojú. Ó rẹ́rìn-ín. "Àtàǹpàkò rẹ̀ ni," ló wí. "Ẹ ò rí ibi tí ọkọ́ ti ṣá a?" Ó wà ní igun kan lóòótọ́, ìlà funfun tó fẹ́ẹ́rẹ́ kọjá nínú pupa náà. Fọ́tò àkọ́kọ́ tí Bàbá yà láyé rẹ̀, ìka ara rẹ̀ ló yà.

Ti mẹ́rìnlá yẹn kò tíì parí. Àǹtí mi ní ó lè jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ṣèèṣì, ẹni tó ya àtàǹpàkò rẹ̀ lè pa ohunkóhun rẹ́. Màmá ní ọwọ́ lè ṣèèṣì lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó lè ṣèèṣì lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá? Ó sì tún lè jẹ́ pé mẹ́mórì ló kún tó ń wá ààyè fún tuntun. Bó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tuntun náà ti jókòó lé wọn lórí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni á rí. Mo kó fáìlì tí mo da odidi mẹ́mórì kọ sí sínú fláàṣì kọ̀ǹpútà kékeré kan, mo fi fláàṣì sínú àpò ìwé, mo lẹ̀ ẹ́. Àǹtí mi fọwọ́ sí ẹnu ibi tí a lẹ̀, Màmá tẹ ìka tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sínú àpótí aṣọ òkè rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé iná ló há mọ́ inú fláàṣì náà, òun náà ń jò, ọdún díẹ̀ sí i a ó ní láti dà á kọ sínú òmíràn. Wọ́n gbọ́.

Nígbàkigbà tí Àǹtí mi bá wá kí wa, lẹ́yìn tó bá jẹun tán, á bi Màmá pé, "Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Màmá á ní, "Ó wà níbẹ̀."